Bí mo ṣe dá báàjì àwọn obìnrin ológun mọ̀ nínú agolo bisikí kan

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà ní àdúgbò wa ní Birmingham níbí, Màmá ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé télọ̀ ni mí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé agolo bisikí kan wá bá mi lóṣù tó kọjá, báàjì ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ìyá wọn àti àbúrò ìyá wọn obìnrin ló ni ín, àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ ológun nígbà ogun Hitler. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sórí pépà káwọn ọmọọmọ tó pín in mọ́wọ́. Mo ní kò sí wàhálà. Sójà ni bàbá mi ní bárékè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, láti kékeré ni mo ti mọ kọ́púrà yàtọ̀ sí sájẹ́ǹtì.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Ìlà orí apá aṣọ, èyí tó tẹ̀ bíi V, ni mo kọ́kọ́ ń kà, ìlà méjì kọ́púrà, ìlà mẹ́ta sájẹ́ǹtì, mo ń tò wọ́n lọ rẹrẹẹrẹ, ó ku díẹ̀ kí n parí ni mo rí i pé iye ìlà ò sọ ẹgbẹ́ tó ni báàjì. Ìlà mẹ́ta tó ní adé lórí, tó bá jẹ́ tàwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, sítáàfù sájẹ́ǹtì ni, tó bá jẹ́ tàwọn òfuurufú, fúláìtì sájẹ́ǹtì ni. Mo bá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ aṣọ tí wọ́n rán báàjì sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò o. Kákí tó ń fà sí búráùn, ATS nìyẹn, ẹgbẹ́ obìnrin ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní September 1938. Búlúù tó dà bí eérú, WAAF, June 1939, àwọn tòfuurufú. Búlúù tó dúdú mọ́lẹ̀, WRNS, àwọn obìnrin ológun ojú omi táwọn èèyàn ń pè ní Wrens, àwọn ti wà láti 1917, wọ́n tú wọn ká ní 1919, wọ́n sì tún pè wọ́n padà ní 1939. Ẹ má wo iwájú nìkan, torí oòrùn ti jẹ́ kó ṣá, ẹ yí i sódì, ẹ wo ẹ̀yìn níbi tí òwú ti so kókó, àwọ̀ tòótọ́ ṣì wà níbẹ̀. Èyíkéyìí télọ̀ mọ èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, adé. Nígbà ogun, ọba ọkùnrin ló wà lórí ìtẹ́, orí adé ayé ìgbà yẹn máa ń rí róbótó bí ìgbà téèyàn da igbá borí. Lẹ́yìn tí Elizabeth jọba, láti 1953 ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tí àárín ẹ̀ tẹ̀ wọlé díẹ̀. Bọ́tìnì kan wà nínú agolo tí àárín adé ẹ̀ tẹ̀, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí February 1949 ni ATS ti gba orúkọ tuntun, WRAC, kò lè jẹ́ tayé ogun láé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, láti 2022 tí Charles ti jọba, adé róbótó yẹn ti padà dé, bẹ́ ẹ bá rí tuntun tó ń dán gbinrin, ẹ má tíì fò sókè.

Báàjì ATS kan wà tí ike búráùn ni wọ́n fi ṣe é, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ayédèrú ni mo kọ́kọ́ pè é. Kì í ṣe ayédèrú, nígbà ogun wọ́n ń ṣẹ́ idẹ kù, ni wọ́n bá ń fi ike ṣe báàjì.

Tàwọn ọ̀gá ATS, ìràwọ̀ orí èjìká ni. ATS ò lo orúkọ tàwọn ọkùnrin ń lò: ìràwọ̀ kan Second Subaltern, méjì Subaltern, mẹ́ta Junior Commander, ìyẹn ló bá kápútéènì mu. Elizabeth yìí gan-an, ìràwọ̀ kan ló fi wọlé ní 1945, ó kọ́ mọ́tò wíwà àti títún un ṣe. Méjì ni ìyá Màmá ní.

Méjì nínú ẹ̀ ò jọ tibí rárá. Ìlà méjì tí ṣóńṣó ẹ̀ kọjú sókè, létà T wà lábẹ́ ẹ̀, àti idẹ róbótó kan tó ní orí obìnrin tó dé àṣíborí. Tàwọn òyìnbó ibí, sísàlẹ̀ ni ṣóńṣó ìlà ń kọjú sí, Amẹ́ríkà ló ń kọjú sókè. Orí yẹn, Athena ni, àmì WAC, ẹgbẹ́ obìnrin ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó bá wà nínú idẹ róbótó jẹ́ tàwọn ọmọ ogun lásán, tàwọn ọ̀gá ò ní róbótó. Inú mi dùn gan-an sí méjì yìí, torí February 1945 làwọn àkọ́kọ́ nínú àwọn obìnrin adúláwọ̀ 6888th, ẹgbẹ́ WAC tó ń bójú tó lẹ́tà, 855 ni gbogbo wọn, lábẹ́ Major Charity Adams, dé Birmingham wa yìí, wọ́n fi oṣù mẹ́ta tú òkìtì lẹ́tà tí wọ́n fún wọn lóṣù mẹ́fà láti tú. Síbẹ̀ "WAC, Amẹ́ríkà" nìkan ni mo kọ sí i, torí báàjì ọ̀hún ò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan.

Èyí tó dùn mí jù ni apá aṣọ kan tí mo ti sọ sínú òkìtì pé ti òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ìlà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ méjì, dáyámọ́ǹdì kékeré jókòó sórí tòkè. Mi ò mọ̀ pé tàwọn ọkùnrin lójú omi ni wọ́n ń fi òwú góòlù ṣe tó ní òrùka, búlúù ni tàwọn Wrens, dáyámọ́ǹdì ló rọ́pò òrùka. Mo sáré wá a jáde. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n ní gbogbo ayé àwọn làwọn rò pé iṣẹ́ taìpù ni àǹtí àwọn ṣe.

Mi ò fọ ọ̀kankan, mi ò fi pólíìṣì kan idẹ, torí ó máa ń họ ojú adé dànù. Mo fi òwú funfun so apá aṣọ yẹn mọ́ aṣọ òfì kékeré kan, inú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni mo gbà, mi ò dá tuntun lu, mo wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: WRNS, Second Officer, ó bá lẹ́fútẹ́náǹtì orí omi dọ́gba.