Bí a ṣe ń fi táímà dá bátìrì microcontroller sí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ sleep (àṣẹ tó ń mú chip sùn) sínú kóòdù wọn, síbẹ̀ tí bátìrì ṣì ń tètè kú. Lórí pátákó Arduino Uno, chip ATmega328P tó jẹ́ microcontroller rẹ̀ (kọ̀ǹpútà kékeré inú chip kan) lè sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n regulator (tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan), chip USB àti iná kékeré orí pátákó kò bá a sùn. Wọ́n ń jẹ iná wọn lọ. Ẹ kúkú já iná kúrò lára gbogbo wọn. Táímà TPL5110, chip kékeré tó ń tan iná pátákó ní àkókò tí ẹ yàn, tó sì ń pa á bí iṣẹ́ bá parí, ni mo fẹ́ràn jù fún èyí: nǹkan bí 35 nA péré ló ń jẹ (nA kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mA).

Ẹ kọ́kọ́ fi mítà sáàárín bátìrì àti pátákó, kí ẹ wo iye iná tó ń lọ. Uno tó lajú sílẹ̀ ń jẹ bíi 50 mA, bátìrì 2000 mAh kò sì ní ju wákàtí 40 lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan àkókò. Resistor ló ń sọ ọ́ fún táímà: 57.6 kΩ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. 170 kΩ jẹ́ wákàtí 2, ibẹ̀ ló sì mọ.

Ẹ so bátìrì mọ́ VDD táímà (pin tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀), kó má kọjá 5.5 V, torí bátìrì 9 V á bà á jẹ́. DRV, pin táímà tó ń pàṣẹ, lọ sí gate MOSFET P-channel (swíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń já iná), ẹsẹ̀ source rẹ̀ sí bátìrì, ẹsẹ̀ drain sí pátákó.

Ibi tó gba sùúrù ni DONE, pin tí pátákó fi ń sọ fún táímà pé òun ti ṣe tán. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kí kóòdù máa gbé pin yìí sí HIGH, kó dá a padà sí LOW, léraléra, títí iná á fi lọ. Ẹ fi resistor 10 kΩ so ó mọ́ ground, kó má baà ṣì fọhùn nígbà tí chip ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Bí kóòdù bá há, táímà á fi iná sílẹ̀ títí àkókò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, á pa á, á sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ohun tó wà nínú RAM ló ń pa rẹ́ bí iná bá lọ, nítorí náà EEPROM (ìrántí chip tí kì í pa rẹ́) ni kí ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ pamọ́ sí. Ẹ má kọ ọ́ sójú kan ṣoṣo: ojú kọ̀ọ̀kan gba ìkọ̀wé 100,000, ìgbà 144 lóòjọ́ (ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 10) á sì gbó o kí ọdún méjì tó pé.

Bó bá ń jí fún ìṣẹ́jú àáyá 5 láàárín ìṣẹ́jú 10, ìpíndọ́gba á jẹ́ bíi 0.42 mA, lórí ìwé, bátìrì yẹn á lo ọjọ́ 200.

Ẹ tún fi mítà wò ó nígbà tí pátákó bá kú. Bí ẹ bá ṣì rí mA kankan, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ kan ṣì wà lórí bátìrì, tí iná ń gba waya data rẹ̀ jò wọ inú chip. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn MOSFET.