Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Èèyàn Bá Ń Wá Ẹgbẹ́ Tí Yóò Bá A Jáwọ́ Nínú Ọtí ní Èkìtì

Ẹni tó ti ń mu ọtí lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó ní ó tó gẹ́ẹ́, kó da ìgò nù, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹgbẹ́ tó máa ràn án lọ́wọ́. Ìpinnu rẹ̀ dáa, àmọ́ ó ti fo ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ yẹn sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Bí ara tí ọtí ti di bárakú fún kò bá rí i mọ́ lójijì, kì í pẹ́ tí ọwọ́ á fi máa gbọ̀n débi pé kọ́ọ̀pù tíì á máa dà sílẹ̀. Òógùn á bò ó, oorun á sá. Láàárín wákàtí 6 sí 48, ó lè ṣubú lulẹ̀, kí ara rẹ̀ máa jà bíi ti oníwárápá. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn míì á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á máa sọ kántankàntan. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé á sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ lè gbàdúrà níbẹ̀.

Dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí onítọ̀hún, kódà kó tó pa ìgò tì. EKSUTH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà ní Adó, ọsibítù ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka yẹn dẹ́rù bà yín, kò sẹ́ni tó máa pè yín ní wèrè. Wọ́n ní oògùn tó ń jẹ́ kí ara bọ́ nínú ọtí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì máa ń fúnni ní fítámì B1 tí ọtí ti jẹ tán lára.

Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti bèèrè ẹgbẹ́. Àwọn kan á rìn láti Ajílosùn dé Òkèṣà, wọ́n ń wá páátákó. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbé páátákó sóde, torí wọ́n ń bo àṣírí àwọn tó ń wá. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tó dàgbà lọ bá, kẹ́ ẹ ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ti jáwọ́ nínú ọtí tó lè bá mi sọ̀rọ̀?" Ẹnì kan ṣoṣo tó ti la ibẹ̀ kọjá lè mú yín dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Fún ẹni tó wà ní Òmùò tàbí Ìkọ̀lé tí kò rí nǹkan kan nítòsí, AA (Alcoholics Anonymous), ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, ń ṣe ìpàdé lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó ńkọ́? Láti ọdún 1935 tí ẹgbẹ́ AA ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, wọn kì í gbowó ìwọlé. Kéèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́, ó tó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra fọ́ọ̀mù, tàbí tó ní òun á wò yín sàn lọ́jọ́ méje, ẹ sá fún un. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Ẹ sì yẹ àgbo tí wọ́n bá fún yín wò dáadáa: púpọ̀ nínú wọn, ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó, mo mọ ohun tójú yín ń rí. Àmọ́ oògùn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mutí lé e lórí á máa bì, àyà rẹ̀ á máa já, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ pátápátá. Dókítà ló ń fún ẹni tó mọ̀ tó sì gbà láti lò ó. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ fún ọkọ yín láìjẹ́ kó mọ̀. Tó bá kọ̀ tí kò lọ sípàdé, ẹ̀yin ẹ lọ sí tiyín: láti 1951 ni ẹgbẹ́ Al-Anon ti wà fún àwọn ẹbí ẹni tó ń mutí, wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà.

Ìtìjú ló ń lé ọ̀pọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìlú tí wọ́n ti mọ bàbá yín, tí wọ́n mọ bàbá bàbá yín, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ìpàdé kan wà tó jẹ́ pé àwọn tí ọtí ń bá jà nìkan ló ń wọlé, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan ò bá bá yín lára mu, ẹ gbìyànjú òmíràn kẹ́ ẹ tó sọ pé kò wúlò.

Ará Èkìtì ni wá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ẹmu. Ẹnì kan á jáwọ́ nínú ògógóró, á ní ẹmu lásán lòun ń mu báyìí. Ọtí lẹmu, bó bá sì ṣe ń pẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a ló ń le sí i. Ibi òkú àgbà ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á gbé igbá fúnni, àbúrò ìyá ẹni á ní ṣé òun lẹ fẹ́ dójú tì ni, èèyàn á gbà á. Lẹ́yìn náà, á wá máa sá fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé. Wọn ò ní lé yín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ti mu ún, kẹ́ ẹ sì bèèrè ìgbà tí ìpàdé tó kàn máa wáyé.