Bí a ṣe ń gba àwòrán ìràwọ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tó ń rú

Ẹni tó bá ń wo nǹkan gba orí ààrò tí iná ń jó yóò rí i pé ohun tó wà lódìkejì ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ohun náà kò kúrò lójú kan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti èyí tó tutù tó ń dà pọ̀ ni ó ń yẹ ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, òun náà ni ó sì ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Nítorí rẹ̀, awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8 lè kó ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ já gaara ju ti awò kékeré tí ènìyàn kan lè dá gbé lọ. Ọdún 1953 ni Horace Babcock, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, dá àbá pé kí a máa yí ojú dígí padà láti fi tún un ṣe. Awò Yepun tó wà lórí òkè Paranal ní Ṣílè ni a óò fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí.

Ìràwọ̀ atọ́nà ni a kọ́kọ́ ń wá. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń dé òkè òfurufú wa ní títẹ́jú. Nítorí náà, bí a bá rí i tó wọ́, afẹ́fẹ́ ni a óò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó sì sún mọ́ ohun tí a fẹ́ yà. Irú rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ṣe é: Yepun ń ta ìtànṣán lésà mẹ́rin tó pọ́n bí ọsàn sókè, wọ́n á sì mú kí sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, èyí tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 90 sókè, tàn bí ìràwọ̀. (Èérún òkúta ojú ọ̀run tó jóná ló fi sódíọ̀mù náà síbẹ̀.) Síbẹ̀, lésà nìkan kò tó, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà tó yẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń lọ ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń bọ̀, kò sì ní í lè sọ bí gbogbo àwòrán bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ṣì ní láti fi ìràwọ̀ gidi kan tì í lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, a ń darí ìmọ́lẹ̀ atọ́nà gba inú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì wẹ́wẹ́ tí a tò ní ìlà-ìlà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ya àmì tirẹ̀ sára kámẹ́rà. Bí ìgbì bá tẹ́jú, àmì kọ̀ọ̀kan á dúró ní àárín àyè rẹ̀. Bí ó bá wọ́, àwọn àmì á sún, kọ̀ǹpútà á sì fi ìwọ̀n sísún wọn ṣírò bí ìgbì náà ṣe rí.

Títún un ṣe ni ó le jù. Dígí kejì Yepun, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lẹ́yìn dígí ńlá, fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀, nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, ẹ̀rọ kéékèèké 1,170 ló sì ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì tì í, tó ń fà á. Ibi tí ìgbì bá ti ṣáájú ni dígí gbọ́dọ̀ ti fà sẹ́yìn, ìdajì péré sì ni, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń rin àyè náà ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ó lè tó ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí a ń ṣe èyí, torí pé afẹ́fẹ́ kì í dúró deni; àtúnṣe tó bá pẹ́, afẹ́fẹ́ tó ti kọjá lọ ló ń tún ṣe. Ẹ má sì ṣe tún gbogbo àṣìṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan ni kí ẹ máa mú kúrò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dígí á bẹ̀rẹ̀ sí í fì síwá sẹ́yìn.

Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ, tí ojú wa kò lè rí, ni ó rọrùn jù láti tún ṣe. Òun ni ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ Reinhard Genzel àti ti Andrea Ghez fi tọpa ìràwọ̀ S2, tó ń fi nǹkan bí ọdún 16 yí ihò dúdú (ohun tí òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀) tó wà láàárín àgbájọ ìràwọ̀ wa ká, iṣẹ́ tó mú kí àwọn méjèèjì pín nínú Ẹ̀bùn Nobel ọdún 2020. Bí ohun tí ẹ ń yà bá ṣì dà bí òwú tí a gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ yẹ bí ìràwọ̀ atọ́nà ṣe jìnnà sí i tó wò kí ẹ tó fọwọ́ kan dígí, torí pé àyè tí àtúnṣe ń dé lójú ọ̀run kò fẹ̀.