Bí a ṣe ń ṣírò ìtóbi, ìmọ́lẹ̀ àti ìwúwo ìràwọ̀ òmìrán: Arcturus gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìràwọ̀ òmìrán kan ṣe tóbi tó àti bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó kò nílò awò ńlá kankan, nítorí àwọn tó ní awò ti wọn ohun tí a máa lò, wọ́n sì ti kó o sí gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Bíírò, ìwé àti kàlìkúlétọ̀ orí fóònù ti tó. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ẹ bá dá a sí ìbú, àwọn bọ́tìnnì tó kù á jáde, kò sí ìdí láti lọ ra òmíràn.

Arcturus ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ rekete, àwọ̀ rẹ̀ fara jọ ti ọsàn tó pọ́n, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín orí wa ní ilẹ̀ Yorùbá lálẹ́ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹfà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìràwọ̀ Betelgeuse máa ń wù nítorí òkìkí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣìnà, nítorí jíjìnnà rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan: ìwádìí ọdún 2008 fi í sí nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 640 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni jíjìnnà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan), ti 2017 sọ pé ó lé ní 720, ti 2020 sì dá a padà sí nǹkan bí 550. Láàárín iye méjì tó gbẹ̀yìn yìí nìkan, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ máa ṣírò fún un á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́ náà ná kí ẹ tó lọ bá a.

Iye mẹ́rin ni ẹ máa kó jọ. Àkójọ SIMBAD tí wọ́n ń tọ́jú ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé wà lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí parallax Arcturus (bó ṣe ń dà bí ẹni pé ó sún díẹ̀ lójú ọ̀run bí ayé ti ń yí Oòrùn po), 88.83 milliarcsecond, ìwọ̀n igun tó kéré gan-an, àti magnitude rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú wa, tó ń kéré sí i bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i), tí í ṣe −0.05. Ìbú rẹ̀ bó ṣe hàn lójú ọ̀run, 21.06 milliarcsecond, àti ìwọ̀n ìgbóná ojú rẹ̀, 4,286 Kelvin, wà nínú àwọn ìwé ìwádìí. Sátẹ́láìtì Hipparcos ló wọn parallax yẹn; ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sọ́dọ̀ sátẹ́láìtì Gaia tó dé lẹ́yìn rẹ̀, torí irú ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ báyìí ti pọ̀ jù fún ojú Gaia. Bíírò pupa ni mo fi ń kọ ohun ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iye rẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Jíjìnnà kò le rárá: ẹ fi 88.83 pín 1,000, ó di parsec 11.26; parsec kan jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26, nítorí náà ẹ fi 3.26 lọ́po rẹ̀, ó di ọdún ìmọ́lẹ̀ 36.7.

Fún ìtóbi, ẹ fi 11.26 lọ́po 0.02106 (ìyẹn 21.06 tí a fi 1,000 pín), ẹ ó rí 0.237, ìyẹn ìbú ìràwọ̀ náà tí a bá fi àlàfo tó wà láàárín ayé àti Oòrùn wọ̀n ọ́n. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ wá fi 215 lọ́po ìdajì náà, torí pé ìdajì ìbú Oòrùn 215 ló wà nínú àlàfo yẹn, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 25.5, ìyẹn ni pé ìdajì ìbú Arcturus jẹ́ ìlọ́po 25.5 ti Oòrùn. Bí a bá gbé Arcturus sí ipò Oòrùn, etí rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ Mercury.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú magnitude −0.05, wọ́n á yọ ipa jíjìnnà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á rí −0.31, wọ́n á fi wé 4.83 ti Oòrùn, wọ́n á sì kéde pé Arcturus mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 114 ju Oòrùn lọ. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò yẹn, síbẹ̀ èsì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń wá. Magnitude yẹn kò ka ju ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn lè rí lọ, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ tí ojú rẹ̀ tutù ju ti Oòrùn lọ máa ń tú apá tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán infrared tí ojú wa kò lè rí. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ dà bí ẹni tó ka ọjà tó wà lórí àtẹ, tí kò wo inú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ gba ọ̀nà ìtóbi àti ìgbóná dípò rẹ̀. Ẹ fi 5,772, ìwọ̀n ìgbóná ojú Oòrùn, pín 4,286, ó di 0.7426. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹ sì fi wọ́n lọ́po ara wọn, ó di 0.304. Ẹ fi 25.5 lọ́po ara rẹ̀, ó di 650. Ẹ wá fi 0.304 lọ́po 650: ìmọ́lẹ̀ Arcturus jẹ́ ìlọ́po 198 ti Oòrùn.

Ẹ má lo Celsius níbí, bó ti wù kó mọ́ yín lára tó. Ẹni tó bá lò ó á rí 184, iye tí kò jọ àṣìṣe lójú ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Ẹ má sì dín ìwọ̀n ìgbóná kù sí iye tó rọrùn láti pè, torí pé bí ẹ bá ṣì í ní 100 Kelvin péré, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀. Àwọn kan ń lo àtẹ àtúnṣe magnitude, tó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí kún èyí tí a rí. N kò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi 4.74 rọ́pò 4.83 ti Oòrùn, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rántí. Ẹ ó tún rí 170 níbi púpọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ Arcturus. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ 25.5 àti 4,286, torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára mu nínú ìṣirò yìí.

Ìmọ́lẹ̀ nìkan kò lè sọ ìwúwo ìràwọ̀ fún wa. Àwọn ìlà inú spectrum rẹ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a tú sí oríṣiríṣi àwọ̀, ni wọ́n fi mọ agbára òòfà (gravity) ojú rẹ̀, nǹkan bí 0.457 ní ìwọ̀n tí ti ayé fi jẹ́ 9.8, tí ti Oòrùn sì jẹ́ 274. Ẹ fi 274 pín 0.457, ẹ fi 650 lọ́po èsì rẹ̀, ó di ìlọ́po 1.08 ìwúwo Oòrùn: òmìrán yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju Oòrùn wa lọ.

Bí ẹ bá wá pín ìwúwo yẹn káàkiri ìtóbi rẹ̀, mítà oníbùú mẹ́ta (cubic metre) kọ̀ọ̀kan kò ní ju kílógírámù 0.09 lọ, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ nǹkan bí 1.2. Àròpín ni o, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé inú, torí pé àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí hydrogen ti di helium, ki gan-an ni.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ èsì yín sílẹ̀, ẹ má da gbogbo nọ́ńbà tí kàlìkúlétọ̀ gbé jáde sórí ìwé. Ìwọ̀n ìgbóná náà fúnra rẹ̀ lè fi 30 Kelvin lé tàbí kó fi dín, nítorí náà ẹ kọ 198, kí ẹ sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó lè fi nǹkan bí 6 lé tàbí kó fi dín.