Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Ìfọ Rọ́ọ̀gì, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Bó Ṣe Ń Fa Omi
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń fọ rọ́ọ̀gì ṣiṣẹ́ àti àwọn ilé tó ní ẹ̀rọ tiwọn ní Ìkòròdú

Òjò tó kọjá ló fa ìwé yìí. Láti Ìgbógbó dé Ìjẹdé, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́: wọ́n fọ rọ́ọ̀gì, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti ń rùn. Nígbà tí wọ́n ká a, nǹkan funfun ti hù sábẹ́ rẹ̀. Rọ́ọ̀gì mọ́ṣáláṣí bàjẹ́, ti pálọ̀ bàjẹ́, ẹni tó fọ̀ ọ́ ló sì san án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló dùn wá jù. Àwọn tó pàdánù lọ yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rọ́ọ̀gì sì tún ń rùn.

Ìdí rẹ̀ ni pé agbára tí ẹ̀rọ fi ń tú omi lẹ̀ ń rà, ẹ kì í béèrè agbára tó fi ń fa omi padà. Ẹni tó ń tajà á tẹ ọ̀pá, omi á tú jáde pẹ̀lú ariwo, ẹ ó sì ka owó. Omi tó bá wọlé tí kò jáde ló ń ba rọ́ọ̀gì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín létí.

Ẹ dán èyí tó wà nílé wò ná

Ẹ wọn 20 lítà omi sínú táǹkì omi tó mọ́. Ẹ fọ rọ́ọ̀gì bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́ títí omi náà á fi tán, kí ẹ wá wọn omi ìdọ̀tí tó padà. Bó bá pé 16 lítà, ẹ̀rọ yín ṣì dára, ẹ má rà òmíràn. Bí kò bá pé 16, omi yòókù wà nínú rọ́ọ̀gì oníbàárà yín. Ẹ má sì sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́. Etí ọ̀sà la wà. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi. Rọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín wákàtí 24. Èyí tó bá kọjá wákàtí 48 tó ṣì tutù, kó má yà yín lẹ́nu bó bá bu.

Bí omi tó padà bá kéré, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu họ́ọ̀sì ìfàmi. Ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà, kó há, kó sì ga sókè. Bí ohùn ò bá yí, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà abẹ́ ìdérí táǹkì ìdọ̀tí: ibẹ̀ ló sábà máa ń wà, rọ́bà náà á ti gan tàbí kó ti ya. Lẹ́yìn náà, ẹ na họ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ẹ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Èyí tó bá ti lu, ẹ gé e kúrò tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Títa téèpù mọ́ ọn kì í ṣe àtúnṣe, ẹ yé ṣe é. Họ́ọ̀sì tó gùn ju mítà 8 lọ náà ń jẹ agbára ẹ̀rọ kékeré. Ẹ fọ asẹ́ ẹ̀rọ lójoojúmọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́.

Bí gbogbo èyí bá pé tí ìfà ṣì rọ, ẹ ní kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ iná ṣe tú ẹ́ńjìnnì, kó wo káábọ̀n méjì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn egé dúdú tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí. Bí káábọ̀n bá ti kù bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ìfàmi bá ti jóná, òun nìkan lẹ máa rà. Pọ́ǹpù, táǹkì àti ọ̀pá rẹ̀ ṣì lè bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. A rí àwọn tó gbé odindi ẹ̀rọ sọnù nítorí káábọ̀n méjì. Owó yíyá ni wọ́n sọnù yẹn.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń fà á náà ṣe pàtàkì. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú omi, lẹ́ẹ̀mejì láìtẹ omi, lójú ibi kan náà, kí mítà kan gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ má sáré. Ẹ má da ọṣẹ ìfọṣọ elẹ́bú sínú táǹkì. Ìhó rẹ̀ máa ń bá omi wọnú ẹ́ńjìnnì, òun ló sì ń pa púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sára rọ́ọ̀gì á máa lẹ̀, á sì máa fa ìdọ̀tí mọ́ra.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á lóòótọ́

Ẹ wo àkọlé ara ẹ̀rọ. Ìfà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 25 kPa, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ agbára ìfà. Àwọn ẹ̀rọ Amẹ́ríkà máa ń kọ ọ́ sí ínǹṣì omi, 100 ínǹṣì ló bá a dọ́gba. Fún rọ́ọ̀gì inú ilé, pọ́ǹpù 100 sí 150 psi ti tó; psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tó fi ń ti omi jáde. Èyí tó ń lọ sí 500 psi wà fún ilẹ̀ táìsì, ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì ló máa ń ti omi wọ̀. Bí kò bá sí ìwọ̀n ìfà lára ẹ̀rọ, tí ẹni tó ń tà á ò sì jẹ́ kí ẹ fi 20 lítà dán an wò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Tòkunbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ka iye fóòtì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, iná wa jẹ́ 230. Ẹ kì í bọ̀ ọ́ mọ́ ògiri bẹ́ẹ̀, á jó lójú ẹsẹ̀. Tiransifọ́mà tí ẹ máa fi sọ 230 di 120 fún ẹ̀rọ 1,400 wáàtì kò gbọ́dọ̀ dín sí 2,000 VA, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀.

Ẹ ro wáàtì pọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ́ńjìnnì ìfà 1,200 wáàtì àti pọ́ǹpù 200 jẹ́ 1,400, jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA lè gbé e, èyí tó jẹ́ 950 wáàtì kò lè gbé e. Bí ẹ bá fi ìgbóná 2,000, ìyẹn èyí tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ, kún un, ó ti di 3,400, bẹ́ẹ̀ ihò iná 13 áńpìà kan ṣoṣo kì í gbé ju 2,990 lọ. Ilé iṣẹ́ iná Egbin wà nítòsí wa lóòótọ́, síbẹ̀ iná ń lọ sílẹ̀ ní àdúgbò púpọ̀. Bí iná bá wà ní 180 fóòtì, ìgbóná 2,000 wáàtì ò ní ṣe ju bíi 1,200 lọ, ìfà náà á sì rọ. Nítorí náà, ẹ má ra ìgbóná. Ẹ gbé omi kaná lórí gáàsì, kí ẹ dà á sínú táǹkì nígbà tó bá gbóná níwọ̀nba. Fún rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan. Wáyà tí ẹ fi ń fa iná gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.5 mm², kó má gùn ju mítà 15 lọ, kí ẹ sì tú u kúrò lára ìká rẹ̀ pátápátá.

Omi bọ́ọ̀hóòlù tó máa ń pọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá pọn ọ́n tán, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ò dé, kí ẹ bu òkè rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ìpẹtà tó wà nínú rẹ̀ kì í jáde lára rọ́ọ̀gì funfun mọ́.

Nínú owó tí ẹ yá, ẹ yọ ti fáànù ńlá méjì sọ́tọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa fẹ́ gba ojú rọ́ọ̀gì kọjá. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ti fèrèsé. Bí kò bá rọ̀, ẹ ṣí i. Ẹ má gbé àga padà, pàápàá èyí tó ní ẹsẹ̀ irin, àfi tí ẹ bá ká etí rọ́ọ̀gì, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, tí kò sì tutù mọ́.