Ara tó ń yún gbogbo ilé: kúrúnà ni àbí làpálàpá?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó náwó sórí tiúùbù kíríìmù kankan, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí tán. Ohun tí mo ń rí ni pé ara á máa yún ọmọ, ìyá ẹ̀ á gbéra ó di kẹ́míìsì, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ò ní wo ara ọmọ náà rárá, á kàn nawọ́ sókè á mú kíríìmù tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta nínú ọ̀kan, wọ́n á fi pa á, ọjọ́ mẹ́ta ara á tutù, inú gbogbo wọn á dùn, tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti kárí ara, àbúrò ti kó o, ìyá fúnra ẹ̀ ti ń họ abíyá lọ́jà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi náà. Ọmọ mi obìnrin ló dé láti bọ́ọ̀dìn, ó ń họ àárín ìka ọwọ́, tó bá di alẹ́ báyìí kò ní jẹ́ ká sùn, èmi náà ní làpálàpá ni, mo ra kíríìmù yẹn. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, àwa mẹ́rin là ń họra. Nọ́ọ̀sì kan ló wá di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó la ìka ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní "Mọ́mì, kúrúnà lèyí, gbogbo yín lẹ máa para lálẹ́ ọjọ́ kan náà." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló yanjú ohun tí owó mi ò yanjú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ìwé yìí nìyẹn: ẹ mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó pa nǹkan sí i, torí oògùn ọ̀kan ò ran èkejì.

Báwo lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀? Làpálàpá máa ń rí ròbótó, etí ẹ̀ á ga díẹ̀, á máa bó bí ìpẹ́, àárín ẹ̀ á sì mọ́ díẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ti fẹ́ san. Ojú kan tàbí méjì ló sábà máa ń wà kó tó máa fẹ̀. Kúrúnà ò ní òbìrípo, kókó kéékèèké ló máa ń sú, àárín ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, ìgúnpá, abíyá, àyíká ìdodo, abẹ́ ọmú, ìdí, ojú ara ọkùnrin, àwọn ibi tó fẹ́ràn nìyẹn. Ó máa ń yún gan-an lóru ju ọ̀sán lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan náà ló ń họra lóru, ẹ kọ́kọ́ fura sí kúrúnà.

Kúrúnà

Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú yín. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan ni, ó kéré débi pé ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i, abo ẹ̀ ló ń gbẹ́ ọ̀nà tín-ín-rín sábẹ́ awọ wa, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ara wa tó ń bínú sí kòkòrò náà àti ẹyin ẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló fi ń yún. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru táráyé pa tì lọ́dún 2017, wọ́n sì fojú bù ú pé bíi mílíọ̀nù 200 èèyàn ló ń ní in lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé, torí náà kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní in rí, tó bá kó o lónìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Ẹ wá rò ó wò, gbogbo àkókò yẹn ló ń bá àwọn yòókù sùn lórí ẹní kan, ó ń kó o ràn wọ́n, òun ò sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tọ́jú gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó ń yún àti ẹni tí kò yún, títí kan ọmọọ̀dọ̀ àti ẹ̀gbọ́n tó wá kí yín tó ti sun ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tẹ́ ẹ tọ́jú lónìí á tún kó o lára ẹni tẹ́ ẹ máa tọ́jú lọ́la.

Oògùn tó dáa jù láti pa sára ni kíríìmù tí wọ́n kọ permethrin 5% sí lára. Ẹ wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí ara gbẹ kó sì tutù, kẹ́ ẹ wá pa á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo ara o, kì í ṣe ibi tó ń yún nìkan, ẹ má gbàgbé abẹ́ èékánná àti àárín ìka ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ pa á dé orí àti ojú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan ẹyinjú àti ẹnu. Ẹni tó bá fi omi fọ ọwọ́ kó tún ọwọ́ ẹ̀ pa. Ó máa wà lára fún wákàtí 8 sí 14, tílẹ̀ bá mọ́ kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ méje ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹyin tó bá ṣẹ́kù ti máa pa di kòkòrò nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí torí pé ara ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tó bá wá padà wọ́n á ní oògùn náà ò dáa.

Èyí tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì wa ni benzyl benzoate, BBE ni wọ́n ń pè é, ó funfun bíi mílíìkì nínú ìgò. Tiẹ̀, alẹ́ mẹ́ta tẹ̀léra la máa ń pa á. Ó máa ń tani, pàápàá níbi tẹ́ ẹ ti họ bó, torí náà tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ ní kí apòògùn bá yín fi omi là á. Fún ọmọ jòjòló àti aláboyún, ìpara imí-ọjọ́ wà, alẹ́ mẹ́ta lòun náà, ó ń rùn díẹ̀ àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, kí nọ́ọ̀sì ló sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Oníhóró náà wà, ivermectin, òun kan náà ni wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lábúlé nítorí àrùn tí eṣinṣin etí odò ń fà, èyí tó ń fọ́ni lójú, tí wọ́n ń pè ní inárun lápá Ìbàràpá tó bá mú awọ ara. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lò ó fún kúrúnà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láàárín, bí èèyàn bá ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń ka iye hóró tó máa lò. Aláboyún àti ọmọ tí kò tó kílò 15 ò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ewúrẹ́, èyí tẹ́ ẹ fi ń gún ẹran yín lábẹ́rẹ́, ẹ má gbé e mu, ẹ má fi para, ìwọ̀n ẹran kọ́ ni ìwọ̀n èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òtapíápíá, kẹrosíìnì, omi bátìrì àti oògùn tẹ́ ẹ ń fọ́n sí kòkó, mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi wọ́n para, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máà dán an wò, awọ ara máa ń fa oògùn apakòkòrò wọnú ẹ̀jẹ̀.

Tó bá wá kan aṣọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́, bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Aṣọ, bẹ́dísíìtì àti tówẹ̀lì tẹ́ ẹ lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ fomi gbígbóná fọ̀ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wẹ oògùn kúrò, kẹ́ ẹ sá wọn sóòrùn. Èyí tí kò ṣe é fọ̀, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ so ẹnu ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí kòkòrò yìí kì í sábà lò ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ láyé tí kò bá sí lára èèyàn.

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù tó bá ṣì ń yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tọ́jú ẹ̀, òkú kòkòrò tó ṣì wà nínú awọ ló ń fà á, ẹ má torí ìyẹn máa pa oògùn lójoojúmọ́. Ìpara calamine lè bá yín mú kó rọlẹ̀. Ẹ gé èékánná ọmọ. Tó bá ti họ ọ́ débi pé ó ń ṣọyún, ó nílò oògùn míì, ẹ gbé e lọ sí ọ̀sípítù, torí kòkòrò tó ń bá ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé lè dé kíndìnrín: tí ojú ọmọ bá wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ ẹ̀ sì pọ́n bíi kóòkì, ẹ má dúró dilẹ̀ kejì.

Làpálàpá

Fọ́ńgọ́sì ló ń fa èyí, ó bá nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu tan. Ó fẹ́ràn ibi tó lóoru tó sì lọ́rinrin, inú itan, abẹ́ ọmú, àárín ìka ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ bàtà òjò lọ sóko látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kíríìmù clotrimazole 1% tó fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kẹ́ ẹ pa á kọjá etí ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ojú ẹ̀ ti mọ́. Ìpara Whitfield àtijọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má fi sójú àti ojú ara, ó ń jó. Ewé asúnwọ̀n òyìnbó, èyí tí òdòdó ẹ̀ yẹ́lò tó nà ró bí àbẹ́là, àwọn bàbá wa ò purọ́ nípa ẹ̀, wọ́n ti dán an wò nínú láàbù, ó ń dá fọ́ńgọ́sì dúró. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni kẹ́ ẹ fọ ewé náà mọ́, kẹ́ ẹ má pò ó mọ́ nǹkan míì tó lè bó yín lára.

Mẹ́ta nínú ọ̀kan ni mo ń bá jà. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, sítẹ́rọ́ìdì nìyẹn. Ó máa pa yíyún, pupa ẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń so ọwọ́ ara tó yẹ kó bá fọ́ńgọ́sì jà, fọ́ńgọ́sì á wá máa rìn lábẹ́lẹ̀ títí tí òbìrípo ẹ̀ ò fi ní hàn mọ́, dókítà gan-an á máa wò ó pé kí lèyí. Tẹ́ ẹ bá lò ó pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, á ya, yíyà náà kì í sì í lọ.

Tó bá jẹ́ orí ọmọ ló wà, tí irun ń já tí orí ń bó, kíríìmù nìkan ò lè dé gbòǹgbò irun. Oògùn jíjẹ ni, griseofulvin tàbí terbinafine, láti ọwọ́ dókítà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì máa lò ó, kó máa jẹ griseofulvin pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá bí ẹ̀pà. Tí orí náà bá wú rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń ṣomi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á. Ẹ sọ fún báábà kó fi spirit nu kílípà kó tó kan orí ọmọ yín. Màlúù, ológbò àti ajá tí irun ẹ̀ re ní òbìrípo lè kó o ran èèyàn, ẹ fọ ọwọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n tán.

Tó bá jẹ́ eéwo ló yọ sí yín lára, ẹ máa fi aṣọ tẹ́ ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un, ẹni tí eéwo bá ń padà sí lára ẹ̀ léraléra kó lọ yẹ ṣúgà wò.

Nǹkan méjì ló kù tí kì í yún, tí mo sì bẹ̀rù ju àwọn tó ń yún lọ. Àkọ́kọ́ ni ojú kan lára awọ tó ṣì tàbí tó pọ́n, tẹ́ ẹ bá fi òwú kàn án tẹ́ ẹ dijú tẹ́ ò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ lọ yẹ ẹ́ wò fún ẹ̀tẹ̀, oògùn ẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ káàkiri ayé láti 1995, oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá lèèyàn ń lò ó, ó ń san pátápátá. Èkejì ni kókó tí kò dunni lápá tàbí lẹ́sẹ̀, tó wá ń fẹ̀ di egbò tí etí ẹ̀ ṣófo nísàlẹ̀, Buruli ni wọ́n ń pè é, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti lódì kejì bọ́dà, àwọn ará wa láti Nàìjíríà ti gba ìtọ́jú ẹ̀ ní Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin. Oògùn rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ nígbà tó ṣì jẹ́ kókó kékeré, oògùn yẹn nìkan lè tó o. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ewé dì títí tó fi fẹ̀, wọ́n lè ní láti fi iṣẹ́ abẹ kún un, apá tàbí ẹsẹ̀ náà sì lè má nà mọ́.