Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ: bí a ṣe ń tọ́ iléeṣẹ́ tuntun dàgbà ní Àbújá

Ẹni tó bá dé Àbújá pẹ̀lú èrò iṣẹ́ tuntun á gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu gbogbo èèyàn: wá olówó, yára, gba gbogbo ìlú. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún irú iléeṣẹ́ kan. Ó máa ń pa àwọn irú yòókù. Kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni fún owó, ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń dá sílẹ̀, torí òun ló máa sọ iye ọdún tí ẹ máa fi ní sùúrù, ẹni tí ẹ lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú rẹ̀

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí oníbàárà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ìnáwó ńkọ́? Bí òun náà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ ń ṣe: ilé ìfọṣọ ní Kubwa, télọ̀ ní Nyanya, ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọ́fíìsì ní Wuse. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èrè iṣẹ́ náà, owó àjọ tí ẹ bá dá, àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń tọ́ ọ dàgbà. Olùdókòwò tó ń wá ìlọ́po mẹ́wàá owó rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀; bó bá wọlé, ìjà ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ìnáwó kò bá fi bẹ́ẹ̀ gòkè, bíi ti áàpù tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń ṣe ìṣirò ọjà, irú tó lè yára tàn ni. Irú kẹta ni èyí tó ń gba owó ńlá kó tó pa kọ́bọ̀: yàrá tútù tí a ń kó irè oko sí kó má baà bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń lọ irè oko, iná oòrùn fún abúlé. Ti ìkẹrin, ẹni tó ń jàǹfààní kọ́ ló ń sanwó, bíi kíláàsì fún àwọn ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ. Àjọ aláàánú ló ń gbé e. Ọjọ́ tí àjọ náà bá kọjú síbòmíràn, iṣẹ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tà á kí ẹ tó kọ́ ọ

Ẹ wá ogún èèyàn tó ní ìṣòro tí ẹ fẹ́ yanjú. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dára?" Ta ló máa wò yín lójú kó ní kò dára? Ẹ gba owó àsansílẹ̀, ì báà jẹ́ ₦2,000. Bí ẹni márùn-ún kò bá san nínú ogún, ẹ padà lọ tún un rò. Ẹni tó ń ṣe áàpù lè fi WhatsApp àti ìwé ìṣirò lásán sin àwọn márùn-ún yẹn fún oṣù kan kó tó sanwó fún ẹni tó ń kọ sọ́fútúwíà.

Bí ẹ bá ń lọ sí Kaduna tàbí Kano, ẹ má fi ẹ̀rọ túmọ̀ áàpù sí Háúsá. Ẹ wá ẹni tó ń ná ọjà níbẹ̀ gan-an, kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè fún oníṣòwò kan létí yín. Ẹ má sì fi ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò ẹyọ kan

Ibí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń kú láì tíì mọ̀. Ẹ mú oníbàárà kan ṣoṣo. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń san ₦5,000 lóṣù fún áàpù yín. SMS, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó ń gbé fóònù nígbà tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀ ń jẹ ₦2,000 nínú rẹ̀; ó ku ₦3,000. Bí owó ọkọ̀ àti kọmíṣàn ẹni tó mú ṣọ́ọ̀bù náà wá bá jẹ́ ₦12,000, oṣù mẹ́rin ni ẹ máa fi rí i gbà padà. Bí àwọn ṣọ́ọ̀bù bá ń lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ti pàdánù ₦3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: bí oníbàárà ṣe ń pọ̀ ni gbèsè ń ga. Ẹ má fi owó olùdókòwò dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ pe àwọn tó lọ, kí ẹ bi wọ́n nídìí tí wọ́n fi lọ.

Ti yàrá tútù yàtọ̀. Àpẹẹrẹ rè é. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Yàrá oníná oòrùn tó gba kéréètì tòmátì 100 nítòsí ọjà Zuba, ₦500 lórí kéréètì kan lójúmọ́. Bí kéréètì 60 bá wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, 60 × ₦500 × ọjọ́ 30 jẹ́ ₦900,000 lóṣù. Òṣìṣẹ́ méjì ₦200,000, owó ilẹ̀ ₦100,000, owó àtúnṣe àti bátìrì tí a ń yà sọ́tọ̀ ₦150,000, ọdẹ ₦50,000: gbogbo rẹ̀ ₦500,000. Ó ku ₦400,000. Bí yàrá náà bá jẹ́ ₦24 mílíọ̀nù, oṣù 60 ni ẹ máa fi rí owó rẹ̀, ọdún márùn-ún gbáko. Ẹ̀yáwó oṣù 12 máa pa á, bó ti wù kí ọjà yá tó. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ mọ̀ sórí ni 34: ó dín díẹ̀ ní kéréètì 34 lójúmọ́ tó ń gbé ìnáwó. Bó bá jẹ́ 30 ló ń wọlé, ₦50,000 á máa jáde lápò yín lóṣooṣù.

Kì í ṣe àìpolówó ló máa ń sọ yàrá di òfìfo. Tòmátì tó bá wá nínú apẹ̀rẹ̀ ti fọ́ nísàlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Òtútù kì í wo ohun tó ti fọ́ sàn, àmọ́ oníṣòwò á sọ pé yàrá yín ló bà á jẹ́. Ẹ fún wọn ní kéréètì rọ́bà láti oko. Ẹ má jẹ́ kí òtútù tòmátì tó ti pọ́n lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10 Celsius, kí èyí tí kò tíì pọ́n wà ní bíi 13. Bó bá tutù jù, kò ní pọ́n dáadáa, adùn rẹ̀ á sì lọ. Ẹ má kó o mọ́ ẹ̀fọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tí èso tó ń pọ́n ń tú jáde máa ń sọ ewé di àwọ̀ yẹ́lò. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo páńẹ̀lì sólà. Ẹ fọ̀ ọ́ ní kùtùkùtù, kì í ṣe ní ọ̀sán gangan tí gíláàsì ti gbóná, kó má baà sán.

Kí ẹ tó sanwó fún agbaninímọ̀ràn kankan lórí èyí, ẹ dé Ìlọrin. Ibẹ̀ ni NSPRI wà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko pamọ́. NCAM, tó ń yẹ ẹ̀rọ iṣẹ́ oko wò, wà ní Ìdófìàn lẹ́bàá ìlú náà. Àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi mọ́tò kọjá lójú ọ̀nà ilé nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé àti ìpín

Òwò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òwò lásán ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba olùdókòwò gbọ́dọ̀ ní kọ́ńpínnì, torí orúkọ òwò kò ní ìpín (share) tí a lè tà. CAMA 2020, òfin tó ń darí àwọn kọ́ńpínnì, gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá kọ́ńpínnì aládàáni sílẹ̀, owó ìpín tó kéré jù sì jẹ́ ₦100,000. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀: orúkọ tí CAC fọwọ́ sí kì í ṣe trademark (ẹ̀tọ́ lórí orúkọ tàbí àmì ọjà). Ìyẹn ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún 14 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ ọ́ dọ̀tun. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tuntun lẹ ṣe, ẹ kọ̀wé béèrè patent (ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan) kí ẹ tó gbé e síta níbi ìpàtẹ. Ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin.

Láàárín ẹ̀yin olùdásílẹ̀, ẹ má pín ìpín tán lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọdún mẹ́rin ni kálukú fi ń gba ìpín tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti pé ẹni tó bá lọ kó tó pé ọdún kan kò mú nǹkan kan lọ. Bí ẹni tó ní ìdá 30 nínú 100 bá kúrò lóṣù 18, ìdá 11.25 ló máa mú lọ, torí 18 nínú 48 ló ṣe. Ọ̀rẹ́ àtọmọdé tàbí ọmọ ìyá kan náà ló ń sọ pé àwọn ò nílò irú ìwé báyìí. Àwọn gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Olùdókòwò ní òun fẹ́ mú ₦25 mílíọ̀nù wá, iléeṣẹ́ yín sì tó ₦100 mílíọ̀nù. Ẹ bi í: kí owó yẹn tó wọlé ni àbí lẹ́yìn tó bá wọlé? Bó bá jẹ́ kó tó wọlé, ìdá 20 ló gbà (25 nínú 125). Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìdá 25 ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ìdá 5 lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún fojú sí òfin Nigeria Startup Act 2022. Kọ́ńpínnì tó bá fẹ́ gba ìdánimọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó ń gba ọ̀dọ̀ NITDA, àjọ ìjọba fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, wá, kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 10 lọ, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oní-dígítà, ọmọ Nàìjíríà tó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín. Ẹ ṣírò èyí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ta ìpín.

Ẹ má ta ìpín fún gbogbo ayé lórí WhatsApp. Kọ́ńpínnì aládàáni kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìlànà SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó títa ìpín, wà fún ìkówójọ lọ́wọ́ èrò (crowdfunding), ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí SEC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló sì ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ máa gbé owó ẹlòmíràn kiri gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì CBN (Báńkì Àpapọ̀), èyí tó ń béèrè ₦100 mílíọ̀nù owó ìpìlẹ̀ fún PSSP (iléeṣẹ́ tó ń pèsè ọ̀nà ìsanwó) àti ₦2 bílíọ̀nù fún iléeṣẹ́ tó ń fi fóònù tọ́jú owó fún èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì ṣe àdéhùn.

Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́?

Ní Àbújá, ìjọba ni oníbàárà tó tóbi jù, òun náà ló sì máa ń pẹ́ sanwó. Ìwé ìpè fún kọ́ńtíráàtì sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, àti ti PENCOM (owó ìfẹ̀yìntì), ITF (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti NSITF (owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa). Nítorí náà ẹ máa ṣe ìròyìn ọdọọdún ní CAC, kí ẹ sì máa fi ìròyìn owó orí yín ránṣẹ́ láti ọdún kìíní, kódà bí èrè kò tíì wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ ka iye oṣù tí owó inú báńkì lè fi san owó oṣù òṣìṣẹ́ bí ìjọba kò bá san. Bí kò bá tó mẹ́fà, ẹ gba apá kan iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kọ́ńtíráátọ̀ ńlá tó lè san yín lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ san owó náà sínú àdéhùn.